Ọwọ́ Tó Ń Sọ̀rọ̀ Lẹ́yìn: Cara Black àti Tẹníìsì Ẹlẹ́ni Méjì

Ọ̀rọ̀ yìí ni olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa mọ̀ sí Tíṣà Eré, bá wa sọ níbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa. Ọ̀pọ̀ yín lórí gúrúùpù ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde. A kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà lórí ẹ̀rọ kó pa ohùn tirẹ̀ ná, mo ń gbọ́ adìyẹ ẹnìkan níbí.

Akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́ ló pè mí. Ó ní, "Mummy, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan tó fi eré ìdárayá jẹun." Mo ní ó dára. Ó ní, "Ṣé Serena ni?" Mo ní rárá o. Serena kò nílò kí èmi bá a polówó. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tí mo bá ní kí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ nàwọ́ sókè, ọwọ́ tí màá rí kò ní ju méjì lọ. Ó yá, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Cara Black. Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ kan ṣoṣo, ọmọ mi sì ni.

Ọmọ Zimbabwe ni Cara Black. Tẹníìsì ló gbá, kì í ṣe ti orí tábìlì o, tẹníìsì orí pápá. Ife-ẹ̀yẹ 60 ló gbà níbi tí obìnrin méjì ti ń kojú obìnrin méjì. Ó wà ní ipò kìíní ní gbogbo àgbáyé nínú eré náà fún ọ̀sẹ̀ 163. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó ju ọdún mẹ́ta lọ. Títí tó fi fi pápá sílẹ̀, obìnrin méjì péré ló tíì pẹ́ jù ú lọ lórí àga yẹn. Ọ̀kan ni Martina Navratilova tí gbogbo ayé mọ̀. Èkejì ni Liezel Huber, ẹni tí òun àti Cara jọ ń gbá a. Síbẹ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bi yín kọ́. Tẹlifíṣọ̀n kì í sábàá fi eré ẹlẹ́ni méjì hàn àyàfi tí òjò bá lé àwọn adágbá kúrò lórí pápá.

Ìlú Harare ni wọ́n bí i sí ní oṣù kejì ọdún 1979, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ìlú náà ní Salisbury. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Zimbabwe gba òmìnira. Òyìnbó ibẹ̀ ni wọ́n, bàbá rẹ̀, Don Black, sì ti gbá tẹníìsì dé Wimbledon ní àwọn ọdún 1950. Oko píà ni bàbá náà ní lẹ́yìn ìlú, ó sì fi koríko ṣe pápá tẹníìsì sínú ọgbà ilé. Ibẹ̀ ló ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta: Byron, Wayne, àti Cara tó jẹ́ àbíkẹ́yìn, obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ilé tó bá ní pápá tẹníìsì nínú ọgbà kì í ṣe ilé tálákà, pàápàá ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ kò ti ní oko tí wọ́n máa ro. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún yín pé ìfaradà nìkan ló gbé e débẹ̀. Àmọ́ pápá kì í gbá bọ́ọ̀lù fún èèyàn. Àwọn ọmọ olówó mìíràn wà tí bàbá wọn kọ́ pápá fún, tí ewéko hù bò ó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jáde láti inú ọgbà kan náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gba ife ìdíje ńlá nínú eré ẹlẹ́ni méjì. Byron gba French Open ní Paris ní 1994. Wayne gba US Open ní 2001 àti Australian Open ní 2005. Mo máa ń rò ó pé nítorí pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń jọ gbá a nínú ọgbà ni. Tí ẹ bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta lórí pápá kan lójoojúmọ́, ẹ máa kọ́ bí èèyàn ṣe ń fún ẹlòmíràn láyè.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí kò lè dá gbá ni Cara nígbà èwe rẹ̀. Ní 1997, ó gba Wimbledon àti US Open ti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, òun nìkan, láìní ẹnìkejì. Òun ni ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà nípò kìíní lágbàáyé lọ́dún yẹn. Gbogbo èèyàn rò pé ó máa di ọ̀gá adágbá. Ó bọ́ sáàárín àwọn àgbà, ó sì ṣe dáadáa níwọ̀nba. Ní 1999 ó dé ipò 31. Ní 2002 ó gba ife kan ní Hawaii. Ife kan yẹn náà ni, kò tún gba òmíràn ní adágbá títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ wo ìgbà tó bọ́ sí. Ìgbà tí Lindsay Davenport ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń la igi ni. Ìgbà tí Venus àti Serena dé ni. Cara kò ga, kò sì ní agbára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní ni ọwọ́ tó yá, ojú tó tètè rí nǹkan, àti ẹsẹ̀ tó mọ ibi tó yẹ kó wà kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Nínú eré adágbá, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ń ranni lọ́wọ́. Nínú eré ẹlẹ́ni méjì, àwọn gan-an ni eré náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé àwọn kan níbí rò pé ohun kan náà ni. Pápá adágbá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ 27. Tí ó bá di ẹlẹ́ni méjì, wọ́n á fi kún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á di ẹsẹ̀ 36. Ẹnìkan wà lẹ́yìn tó ń ju bọ́ọ̀lù sókè tó sì ń gbá a wọlé, ohun tí à ń pè ní sáàfù. Ẹnìkejì rẹ̀ dúró síwájú, lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Kò rí i. Ọ̀tá nìkan ló ń wò. Ó wá fi ọwọ́ kan sẹ́yìn ìdí, ó fi ìka sọ̀rọ̀: ìkúùkù lè túmọ̀ sí "mo dúró síbi tí mo wà," àtẹ́lẹwọ́ tó ṣí lè túmọ̀ sí "mo ń sáré kọjá sí òdìkejì." Ẹni tó wà lẹ́yìn rí i, ó dáhùn, ó gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹni iwájú bá ti sáré kọjá, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ ṣófo. Ẹni ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ sáré lọ dí i. Tí kò bá lọ, ojú máa ti àwọn méjèèjì. Tí ẹni iwájú bá sì fọwọ́ sọ pé òun ń lọ, tí ẹ̀rù wá bà á tí kò lọ, ẹni ẹ̀yìn á ti sáré lásán.

Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, wọ́n á sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ìgbà ọgọ́rùn-ún nínú eré kan. Iṣẹ́ Cara Black nìyẹn. Ibẹ̀ lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì ni ibùjókòó rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí fi wọ̀ mí lára, torí pé ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní tẹníìsì nílé ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ. Àwọn méjì dáńgájíá nínú wọn. Ọ̀kan ga, ó lágbára, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í ṣeé gbà. Èkejì kúrú, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, àmọ́ tó bá ti dúró lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rò pé ó ní ọwọ́ mẹ́rin. Àwọn méjèèjì jọ gbá a, wọ́n sì na gbogbo ilé ìwé tó wà ní àgbègbè wa. Nígbà tó di pé ká mú ọmọ lọ síwájú, ẹni gíga ni mo mú fún adágbá. Èyí tó kúrú wá bá mi, ó ní, "Ma, èmi ńkọ́?" Mo dá a lóhùn níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹni tí kò lè dá a gbá ló ń wá ẹnìkejì kiri."

Ẹnu tèmi ni gbólóhùn yẹn ti jáde. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kó rákẹ́ẹ̀tì ilé ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní "Ẹ ṣé, ma," kò sì padà wá mọ́. Mo ní ó ń ṣe agídí. Mo gbàgbé rẹ̀.

Ó wá di ọdún 2004. Mo wà nílé àbúrò mi l'Ékòó, ìyẹn ilé tí wọ́n ní dígí tẹlifíṣọ̀n tó ń gba gbogbo ayé. Wimbledon ni wọ́n ń fi hàn. Mo rí obìnrin kékeré kan lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe gẹ́lẹ́ bí ọmọ yẹn ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ mẹ́rin náà nìyẹn! Mo béèrè pé ọmọ ibo ni, wọ́n ní Zimbabwe. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tọpa rẹ̀.

Ọdún yẹn tóbi fún un. Òun àti Rennae Stubbs, ọmọ Ọsirélíà, gba ife àwọn obìnrin, 6-3, 7-6. Ní ìdíje kan náà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wayne gba ti ọkùnrin àti obìnrin. Ìyẹn le díẹ̀: wọ́n pàdánù sẹ́ẹ̀tì kìíní 3-6, wọ́n gba ìkejì 7-6, wọ́n sì gba ìkẹta 6-4 lọ́wọ́ Todd Woodbridge àti Alicia Molik. Ọdún méjì ṣáájú, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ti gba ti Paris. Bàbá tó gbin koríko sínú ọgbà ilé kò sí láyé mọ́ láti rí méjèèjì. Ẹ̀yin òbí tó wà níbí, ẹ fojú inú wo ọmọ méjì tí ẹ kọ́ nínú ọgbà yín, tí wọ́n jọ gbé ife sókè ní ibi tí ẹ̀yin náà ti gbá a nígbà èwe yín. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí Cara àti Stubbs nà nínú àṣekágbá ti 2004 yẹn ni Liezel Huber àti Ai Sugiyama, ọmọ Japan. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ta ni Cara mú gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì? Huber náà ni. Ẹni tí mo ṣẹ́gun lánàá ni mo bá dòwò pọ̀ lónìí, torí mo ti rí ohun tó lè ṣe. Wọ́n gba Wimbledon ní 2005, wọ́n na Amélie Mauresmo àti Svetlana Kuznetsova 6-2, 6-1. Ẹ gbọ́ o, ọ̀gbólógbòó adágbá làwọn méjèèjì yẹn. Kuznetsova ti gba US Open ní 2004, Mauresmo sì ti wà nípò kìíní adágbá ní gbogbo ayé. Sẹ́ẹ̀tì méjì, wọ́n rí gbá mẹ́ta péré. Nígbà tí mo rí èsì yẹn, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọmọ ọlọ́mọ padà wá sí mi létí.

Ní 2006, Cara tún bá Stubbs gbá a. Ní 2007 òun àti Huber padà, wọ́n sì gba Australian Open àti Wimbledon. Ní 2008 wọ́n gba US Open. Wọ́n parí ọdún 2007, 2008 àti 2009 ní ipò kìíní. Huber fúnra rẹ̀, Gúúsù Áfríkà ni wọ́n bí i sí, ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 2007. Ìyẹn ni pé ọmọ Áfríkà méjì láti ìhà gúúsù ló ń darí tẹníìsì ẹlẹ́ni méjì àgbáyé nígbà yẹn, àwa kò sì mọ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti gbà wá lọ́kàn jù.

Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Zimbabwe ní 2008. Owó wọn ti di bébà. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2009, wọ́n tẹ owó bébà kan tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là Zimbabwe trílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Àwa náà mọ ohun tí owó tó ń já wálẹ̀ ń ṣe sí èèyàn, àmọ́ èyí kọjá tiwa. Ìgbà yẹn gan-an ni lẹ́tà mẹ́ta, ZIM, ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Cara lórí gbogbo pátákó èsì, láti Melbourne dé New York, ní ipò kìíní. Kò yí i padà sí ti orílẹ̀-èdè mìíràn. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu ẹni tó yí tirẹ̀ padà o, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbọ́ mi láti òkè òkun pẹ̀lú ìwé ìrìnnà méjì. Mò ń sọ ohun tó ṣe ni.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù wà nínú US Open ti 2008 yẹn. Nínú eré obìnrin àti obìnrin, Cara àti Huber jọ wà lápá kan, wọ́n sì na Lisa Raymond àti Samantha Stosur nínú àṣekágbá. Nínú eré ọkùnrin àti obìnrin, Cara bá Leander Paes, ọmọ Íńdíà, ṣe pọ̀. Wọ́n dé àṣekágbá. Ta ni wọ́n bá níwájú? Jamie Murray, ọmọ Britain, àti... Liezel Huber! Ní ìdíje kan ṣoṣo, nínú ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin méjì yìí jọ ṣe ẹgbẹ́, wọ́n sì tún kojú ara wọn fún ife. Ìka tí Cara fi ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn fún Huber, ó wá gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún un. Cara àti Paes ló borí, 7-6, 6-4. Àwọn obìnrin méjèèjì sì ṣe ọ̀rẹ́ lọ. Ẹ̀yin tó wà nínú ẹgbẹ́ ìlú yìí, tí ẹ kì í kí ara yín mọ́ láti ìdìbò tó kọjá, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ó tún ní òdìkejì. Ní US Open ti 2009, Venus àti Serena nà wọ́n nínú àṣekágbá, 6-2, 6-2. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Australian Open ti 2010, wọ́n tún pàdé nínú àṣekágbá, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà tún nà wọ́n. Ẹ̀yin tó rò pé ọgbọ́n máa ń borí agbára nígbà gbogbo, ẹ gbà á báyìí. Ìgbà mìíràn, agbára ló máa ń borí, àgàgà nígbà tí agbára bá tún ní ọgbọ́n, tí ó sì ní ẹ̀gbọ́n. Ní oṣù kẹrin 2010, Cara àti Huber pínyà lẹ́nu iṣẹ́. Huber lọ wá ẹlòmíràn, òun àti Lisa Raymond sì gba US Open ní 2011.

Àwa tó ń wo Cara rò pé ó ti parí fún un. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe lọ́dún ìyapa yẹn gan-an. Ní Melbourne, níbi tí àwọn Williams ti na òun àti Huber, ó gba ife ọkùnrin àti obìnrin pẹ̀lú Paes. Pẹ̀lú ìyẹn, ó ti gba ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé nínú ọkùnrin àti obìnrin: Paris, Wimbledon, New York, Melbourne. Ní oṣù keje, òun àti Paes tún gba Wimbledon. Tí ẹ bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ife ìdíje ńlá mẹ́wàá ni: márùn-ún ti obìnrin, márùn-ún ti ọkùnrin àti obìnrin. Èyí tí kò rí gbà ni French Open ti obìnrin. Òun àti Huber dé àṣekágbá rẹ̀ ní 2005, wọ́n gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, wọ́n pàdánù méjì tó kù. Ó ń dun èmi, mi ò mọ bó ṣe ń dun òun.

Ó ti fẹ́ Brett Stephens, ọmọ Ọsirélíà, nígbà náà. Ní oṣù kẹrin 2012 ó bí ọmọkùnrin, Lachlan. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti di 33. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nígbà yẹn. "Ó tó, jókòó sílé, ṣe ìyá." Wọ́n sọ fún èmi náà nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ọ̀gá kan tiẹ̀ ní kí n lọ máa kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè dípò eré. Cara padà sórí pápá láàárín ọdún kan náà. Kò sì rọrùn. Ipò ti lọ, ẹnìkejì ti lọ, ó ń gbìyànjú pẹ̀lú ẹni yìí àti ẹni yẹn.

Ní 2013 ló wá pàdé Sania Mirza, ọmọ Íńdíà. Sania ní ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ìbọn láti ẹ̀yìn. Ó nílò ẹni tó máa dúró níwájú tí yóò parí iṣẹ́. Ẹ ti mọ ẹni yẹn. Wọ́n gba Tokyo, wọ́n gba Beijing. Ní oṣù kẹwàá 2014, wọ́n dé ìdíje àṣeparí ọdún ní Singapore, èyí tó jẹ́ pé kìkì àwọn tó dára jù lọ́dún náà ni wọ́n ń pè. Nínú àṣekágbá, wọ́n pàdé Hsieh Su-wei àti Peng Shuai, àwọn tó gbà á lọ́dún tó ṣáájú. 6-1, 6-0. Ẹ̀yin tí kò mọ tẹníìsì, ìyẹn ni pé wọ́n gba méjìlá, àwọn yẹn rí ẹyọ kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún 35 ni Cara, ìyá ọlọ́mọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé wọn kò ní jọ gbá a mọ́, torí Cara fẹ́ dẹwọ́ kó lè bí ọmọ sí i. Ife ńlá rẹ̀ tó kẹ́yìn nìyẹn. Sania lọ bá Martina Hingis lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun náà sì di ẹni ipò kìíní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn ẹnìkan. Owó tí Cara gbà nínú ìdíje ní gbogbo ìgbà tó fi gbá a lé ní mílíọ̀nù méje dọ́là. Owó ńlá ni. Ó kéré sí ti adágbá fíìfíì, torí pé owó ife ẹlẹ́ni méjì kò tó ti adágbá rárá, méjì ló sì máa pín in. Ó tún ń fi rà tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ó ń san owó hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń san owó ẹni tó ń kọ́ ọ. Mo ń sọ ọ́ kí ọmọ kankan má bàa ní mo fi tẹníìsì tàn òun jẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo wá ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ sí yẹn kàn. Ó ti di nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ mẹ́ta ló bí. Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé o rántí ohun tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́ yẹn?" Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Ma, mo rántí ibi tí ẹ dúró sí." Mo bẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà ni mí, mo bẹ ọmọ tí mo kọ́. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun kò tíì di rákẹ́ẹ̀tì mú láti ọjọ́ náà. Ó wà nínú gúrúùpù yìí, ó ń gbọ́ mi báyìí, òun ló ní kí n sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi í léèrè nínú gúrúùpù, ẹ jọ̀ọ́.

Oṣù tó kọjá, àpótí kan dé sílé mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Rákẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, kò kọ ìwé kankan sí i àfi bébà kékeré kan: "Méjì-méjì, ma."

Nítorí náà, láti Sátidé tó ń bọ̀, ní agogo méje àárọ̀, màá wà lórí pápá ilé ìwé wa àtijọ́. Alága ti bá wa gba kọ́kọ́rọ́ géètì, a ti ro koríko ibẹ̀, nẹ́ẹ̀tì nìkan ni a ṣì ń tún rán. Ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin, láti ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ mú omi dání. Ẹnikẹ́ni má dá wá o. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó mú ẹnìkejì rẹ̀ dání, àwọn méjèèjì ni màá jọ kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ẹ lè tan ohùn yín báyìí, àti ẹni tó ni adìyẹ.